Ẹ̀pà Inú Agolo

Ìyá Tàíbátù ló kọ́ ọ ní òwò ẹ̀pà ní Ìsẹ́yìn, gbólóhùn kan ló sì dì mọ́ ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń bá ọkọ rẹ̀ bọ̀ ní Warri: "Ohun tí ìwọ alára kò lè jẹ, má tà á fún ọmọ ẹlòmíì." Tàíbátù gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi tirẹ̀ lé e: ohun tí kò bá ṣeé tà, jíjẹ ni. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àfikún yẹn ni ká máa bá bọ̀.

Ìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún òṣìṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni à ń wí, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tò sí èbúté Warri bí èèrà ṣe ń tò ti ṣúgà. Epo rọ̀bì ló wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹni tó ń ta ata lánàá ti di kọngílá, ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ ti ń wá ilẹ̀ rà ní Ogunu. Wọ́n a bi Tàíbátù pé kí ló tún ń ṣe nídìí ẹ̀pà nígbà tí ayé ti yí sórí epo. Òun a dá wọn lóhùn pé, "Epo tiyín yẹn, ṣé ó ṣeé fi mu gààrí?"

Bó bá ti kírun Súbúhì tán láràárọ̀, a tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Ekurede-Urhobo, a da ẹ̀pà sórí àtẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Èyí tó yọmọ, tó pọ́n, tó ń dán, ti oníbàárà nìyẹn. Èyí tó ti dúdú, tó ti hunjọ, tàbí èyí tó ti bu, tí ohun kan aláwọ̀ ewé ti bò lára bí ìyẹ̀fun, ìyẹn lọ sínú agolo bísíkíìtì ńlá kan tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjò Warri kò sì jẹ́ kí irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ wọ́n. Láti òkè Ọya ni lọ́rì ti ń kó àpò wọn bọ̀. Kó tó dé ọjà, òjò á ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta, oòrùn á ti sè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí oníbàárà kankan tó mọ̀ pé agolo yẹn wà láyé. Ti ilé ni.

Tàíbátù kì í da ẹ̀pà agolo nù. Àfáà ti wàásù lẹ́ẹ̀kan pé ìfiṣòfò ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a, ó ń yan án, ó ń lọ̀ ọ́ sí ọbẹ̀, ó ń fi ṣe kúlíkúlí. Bí Mùkáílà ọkọ rẹ̀ bá ń lọ sí èbúté, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé tó ń sàmì sí ẹrù bó ṣe ń bọ́ látinú ọkọ̀, ìyàwó á di ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú bébà fún un, kó fi mu gààrí lọ́sàn-án. Òun náà ń jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rere kì í bù ju ọkọ lọ. Ọdún méjìlá gbáko.

Àwọn ọmọ kò bá wọn dá sí i. Sìkírátù, àkọ́bí wọn tó ti ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì, a fi ọwọ́ ti abọ́ sẹ́yìn: "Mama, I no fit chop this bitter thing." Búrẹ́dì pẹ̀lú sàdíìnì ni tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ a mirí, a sì bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí owó epo ba àwọn ọmọ òun jẹ́.

Àwọn adìyẹ ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Tàíbátù da èérún ìsàlẹ̀ agolo fún wọn, mẹ́fà kú láàárín oṣù kan. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, pé àwọn aládùúgbò kan kò fẹ́ kí àjòjì fi adìyẹ ṣe ọrọ̀ lójú àwọn. Ó gbàdúrà le gan-an, ó dárí ji gbogbo wọn, ó fi adìyẹ sísìn sílẹ̀. Ó sì dá ìpín adìyẹ padà sínú oúnjẹ ọkọ rẹ̀.

Mùkáílà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí Ọlọ́run kò fi sí i lẹ́nu fún ẹjọ́ wẹ́wẹ́, ó fi sí i lọ́fun fún ìrun pípè. Nígbà tí Ládánì àtijọ́ ní mọ́sálásí àwọn Yorùbá darúgbó, tó ní òun ń lọ kú sílé ní Ṣakí, gbogbo àgbààgbà fẹnu kò pé Mùkáílà ló kàn. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọn yóò wé láwàní fún un. Tàíbátù ti ra aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti fi káńfọ̀ sí i nínú àpótí.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ààwẹ̀ dé ni ojú Mùkáílà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ó rù. Apá ọ̀tún ikùn rẹ̀ le bí ẹni gbé òkúta pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àgbo ibà pọ́njú. Ó mu ún títí tí òógùn rẹ̀ fi ń rùn bí èèpo igi. Nígbà tí kò gbọ́, Tàíbátù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ yẹn, dókítà kan wà níbẹ̀ tí yunifásítì Ìbàdàn rán wá, Dókítà Dúrótoyè. Ó ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn ẹ̀dọ̀ àti ti ìfun, láti mọ ohun tó ń fà á tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ fi hàn pé kì í sùn tó, ṣùgbọ́n ìwádìí rẹ̀ kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ìgò kékeré mẹ́ta ló ń fún aláìsàn: ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ìtọ̀, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ló bá ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí ló tún kù tó ní ní ìkọ̀kọ̀?

Nọ́ọ̀sì Rosemary ló ń ka ìbéèrè látinú ìwé. Ọmọ Urhobo ni, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò mọ yàrá.

"Papa, ogogoro. How many bottle for one week?"

"I no dey drink," ni Mùkáílà wí.

"Na so all of una dey talk. Papa, na your liver spoil. Liver no dey spoil by itself!"

Kúbúrátù wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọn. Òun ló ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Tàíbátù lọ́jà, eyín ló sì gbé e wá. Eyín náà kò jẹ́ kó lè la ẹnu láti àárọ̀. Kó tó di ìrun Alásárì, ara eyín ti yá. Ẹnu rẹ̀ ti dé mọ́sálásí, ó ti dé ọjà, ó ti dé èbúté.

Ọjọ́ kẹta ni Alájì Sàláhúdéènì wọlé. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ni, òun sì ni alága àwọn àgbààgbà mọ́sálásí. Ó jókòó, ó kí wọn kú àìsàn, ó yìn wọ́n, ó tún kí wọn. Tàíbátù, tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mọ̀ pé ẹni tó bá kí èèyàn tó báyìí, ó ní ohun tó ń fi ìkíni bò.

"Mùkáílà, ojú omi yẹn tútù. A mọ̀. Ọkùnrin a máa wá nǹkan díẹ̀ tí yóò fi mú ara gbóná."

"Síwẹ́tà ni mò ń wọ̀, Alájì."

"A kò sọ pé o kò wọ síwẹ́tà. Ohun tí à ń sọ ni pé Ládánì ni ohùn wa. Bí ẹnu bá ń rùn, ohùn kò lè mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ láwàní yìí sinmi díẹ̀ ná. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro."

Tàíbátù kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ̀dọ̀ ọ̀hún gan-an ló ń ṣàìsàn, Alájì. Orí òróǹro wo ni kí á gbé e lé?"

Alájì dìde, ó tún kí wọn.  Nígbà tí àlejò lọ, Mùkáílà yí ojú sí ògiri, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àìsàn kò rí i dá lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Tàíbátù gba ilé ìwòsàn lọ. Ó kúnlẹ̀ kí dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i.

"Dókítà, ìwé kan ni mo wá gbà. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ mi kì í mutí, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tó tóbi."

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí. Bàbá ní àwọn kì í mu ún. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ojú olóòótọ́ àti ojú òpùrọ́ wá rí bákan náà lójú yín ni?"

"Lójú ìwé ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́ là ń wò. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Kí ni Bàbá ń jẹ jù?"

"Ẹ̀pà. Ṣebí òun ni mò ń tà."

"Ẹ bá mi mú díẹ̀ wá nínú rẹ̀. Ìbàdàn ni a óò fi ránṣẹ́ sí. Ibi tí a bá bá a dé, a óò mọ̀."

Ẹ wo obìnrin tó ní ìtìjú. Ta ni yóò bu ẹ̀pà agolo lọ fún dókítà? Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ lálejò, o kò jẹ́ fi abọ́ tó ṣán bu omi fún un, ká má tíì wá sọ ohun tí yóò rin ìrìn àjò dé Ìbàdàn, níbi tí ọmọ Ìsẹ́yìn mìíràn lè wà, tí yóò bi í pé ọwọ́ ta ni ẹ̀pà yìí ti wá. Ọjọ́ méjì ni Tàíbátù fi ṣà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fọ abọ́ tánganran tó gbà nígbà ìgbéyàwó, ó dà á sí i, ó fi aṣọ tí Sìkírátù fi kúróṣì hun bò ó lórí. Nígbà tó dé ọ̀hún, Rosemary ṣí i wò, ó bù ú jẹ, ó ní "Mama, this one sweet o," ó sì tún bù ú. Èyí tó ṣẹ́kù ló lọ sí Ìbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dókítà ránṣẹ́ pè é.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. A ti yẹ ẹ̀pà wò láti ọjà mẹ́ta nílùú yìí. Kò sí èyí tó mọ́ tó tiyín. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ rárá."

"Alihamdulilahi!" Ojú Tàíbátù tàn. Ká ní ìyá rẹ̀ wà láyé ni! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í bóyá wọ́n lè kọ ìyẹn sínú ìwé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Àfi bó ṣe rí i tí dókítà mú kálàmù, tó fa ìlà kan gbọọrọ lórí ìwé ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ fà síbẹ̀ yẹn, Dókítà?"

"Mo pa oúnjẹ rẹ́ ni. Oúnjẹ kọ́ ló fà á." Kò gbójú sókè. "Àìsàn ojú pípọ́n tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun nìkan kò tó láti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ báyìí. Ẹ má bínú, Màmá. Ó dà bíi pé ọtí ló kù."

Ẹ̀pà tó mọ́ jù ní Warri ti jẹ́rìí pé ọkọ ẹlẹ́pà ọ̀mùtí ni. Tàíbátù dúró bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà, tí àánú ṣe, wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tù ú nínú.

"Ẹ̀pà tó dáa báyìí, Bàbá á ti gbádùn jíjẹ rẹ̀ láti ọdún yìí wá."

"Ta ni?" ni Tàíbátù wí. "Èyí? Ọkọ mi kò fẹnu kàn án rí! Èyí títà kọ́? Ta ní í jẹ ọjà ara rẹ̀?"

Rosemary gbé ohun tó ń kọ sílẹ̀. "Mama. Wetin una dey chop for house?"

Tàíbátù wo ojú kan, ó wo ojú kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí ojú agolo yẹn máa tì í.

Ó gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi gèlè wé e bí ọmọ tuntun. Dókítà ṣí ìdérí rẹ̀, eruku aláwọ̀ ewé rú sókè. Ó fi áńkáṣífù bo imú, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó wá ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ẹ̀pà tó bá ti bu báyìí, oró kan a máa wà lára rẹ̀ tí ojú kì í rí, tí fífọ̀ kì í mú kúrò, tí iná yíyan kì í pa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀, ọdún dé ọdún. Bí àìsàn ojú pípọ́n bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà tẹ́lẹ̀, bíi ti Mùkáílà, àwọn méjèèjì a dìjọ ṣe é. Ó ní ìwádìí kò tíì parí. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo rẹ̀.

Dókítà kò gbìyànjú tó láti fi ayọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ojú ọmọkùnrin náà ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. "Màmá, ṣé ó ṣẹ́kù sílé? Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́. Ọdún kan ni mo ti ń wá irú èyí kiri!"

"Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ló wà," ni Tàíbátù wí. "Adìyẹ mẹ́fà ti sọ fún mi."

Nígbà tó délé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ẹní, ó sì sọ ọ́ láìyí ọ̀rọ̀ ká.

"Bàbá Sìkírá, ẹ̀pà inú agolo ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bù ú fún yín."

Mùkáílà yíjú sí i. Ó ní: "Mo mọ̀ pé ó korò."

"Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ ẹ́ fún ọdún méjìlá?"

"Mo rò pé bí ọwọ́ rẹ ṣe rí nídìí ẹ̀pà yíyan nìyẹn. Ọkùnrin tó bá ń bá ìyàwó fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ebi ni yóò bá a sùn."

Tàíbátù kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni, tàbí kí òun bínú pé ọkọ òun ti ń bú ọwọ́ òun nínú ọkàn láti ọjọ́ yìí wá. Ó ṣe méjèèjì. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni òun yóò gbé agolo náà lọ sí mọ́sálásí, kí gbogbo ayé lè mọ ọtí tí ọkọ òun ń mu.

"Má ṣe é," ni Mùkáílà wí. "Bí o bá dìde pé ẹ̀pà ló ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́, ta ni yóò tún rà á lọ́wọ́ rẹ? Jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí lè túúbá, kí wọ́n gbà á padà. Ta ní í túúbá ẹ̀pà?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì dùn ún dé egungun. Ọjọ́ márùn-ún ló fi rò ó. Nídìí àtẹ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń ronú ìsọ̀ tí yóò ṣófo, ó ń ronú aṣọ funfun tó wà nínú káńfọ̀. Ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ọ̀nà kẹta hàn án. Ọlọ́run, tó ti fi adìyẹ mẹ́fà hàn án tẹ́lẹ̀, kò wí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbààgbà jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù níwájú mọ́sálásí bí ìṣe wọn. Alájì Sàláhúdéènì kò gba ààwẹ̀ lọ́sẹ̀ náà nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ó sì fọgbọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù, ó ń jẹ ẹ̀pà tó rà lọ́wọ́ Tàíbátù fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Obìnrin náà wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé agolo sórí bẹ́ńṣì níwájú rẹ̀, ó sì ṣí i.

"Alájì, ọtí tí ọkọ mi ń mu rèé."

Alájì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó hú ikọ́. "Kí lèyí?"

"Ẹ̀pà tí mo ṣà kúrò nínú tiyín ni. Ọdún méjìlá ni mo fi ń ṣà á kúrò nínú tiyín, tí mo ń kó o fún un. Dókítà ní òun ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi kò tọ́ ọtí wò. Bí ẹ bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ má wá a lọ sí èbúté mọ́."

 Alájì ti dá ẹnu dúró. Ẹ̀pà wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú lójú àwọn tó ń gbààwẹ̀.

"Tèmi..." Ó rọra yí ẹ̀pà náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Tèmi tí mò ń rà ńkọ́?"

"Tiyín ti dé Ìbàdàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Warri."

Alájì mí kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Láwàní Mùkáílà," ló wí, nígbà tó gbé e mì tán, "kò sí ohun tó yí padà nípa rẹ̀. A ní kó sinmi ni. A kò ní kó sùn." Láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, Kúbúrátù ló kọ́kọ́ pariwo pé òun kò gba ọ̀rọ̀ ọtí yẹn gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn ẹlẹ́nu-ún-rírùn kan ló ń gbé e kiri.

Tàíbátù lọ sílé láti lọ dúró de ìsọ̀ òfìfo. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àtẹ rẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń tò. Kò sí ẹlẹ́pà mìíràn lọ́jà tí Ìbàdàn mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí òmíràn tó lè búra pé ọkọ òun ló jẹ èyí tó bu. Kúbúrátù gan-an ló ń bá a polówó láti ìsọ̀ tirẹ̀: "Na doctor groundnut be this o!" Òwò náà gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ti Tàíbátù láti dúpẹ́ nínú àdúrà rẹ̀, ó ń fi ọpẹ́ náà sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ń yára kà á. Agolo tí oníbàárà kò rí rí, mọ́tò ilé ìwòsàn ló ń wá gbé e lọ sí Ìbàdàn báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Rosemary á sì buwọ́ lù ú.

Dókítà kò ṣèlérí kankan nípa Mùkáílà. Ó fún un lóògùn, ó ní kó sinmi, ó ní ẹ̀dọ̀ ní sùúrù ju onílé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n sùúrù náà ní òpin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, wọ́n wé láwàní náà fún un. Aṣọ funfun ti di ńlá sí i lọ́rùn. Ó pe ìrun Àìlà: ohùn náà tín-ín-rín, ó já lẹ́ẹ̀kan ní àárín, ó dúró, ó sì tún mú un níbi tó já sí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ títí tó fi parí.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Tàíbátù mú abọ́ tánganran. Kò lọ sídìí agolo. Ó bù látorí àtẹ, nínú èyí tó pọ́n, tó ń dán, tó ti dì sílẹ̀ fún oníbàárà, ó sì gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀.

Mùkáílà sọ ẹyọ kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ òmíràn, ó dúró, ó wo inú abọ́.

"Ìyá Sìkírá," ló wí, "èyí mà dùn o. Ọwọ́ ta lo ti rà á?"

 Tàíbátù fa àtẹ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń ṣà á lọ.